Ọ̀pẹ, àkùkọ àti ìgbálẹ̀: ṣé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Yorùbá ti ń dìbò fún láti ayé Awólọ́wọ̀?

Ọmọ Ìbàdàn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló kọ̀wé sí mi. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní láti ayé Awólọ́wọ̀, ibì kan náà ni gbogbo Yorùbá ń tẹ̀ka sí, àfi àwọn ará Ìbàdàn tó máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé nínú agboolé tiwọn, kò sẹ́ni tó dìbò fún ọ̀pẹ, àmì ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, rí. Ó wá bi mí pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Yorùbá máa ń tẹ̀lé? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí Ìbàdàn fi yàtọ̀?”

Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ti fi ohùn kan ṣoṣo dìbò nígbà mélòó kan, agbára rẹ̀ sì ya gbogbo Nàìjíríà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìgbà tí a pínyà pọ̀ ju ìgbà tí a ṣọ̀kan lọ. Nígbà tí a bá rí i pé àwọn ará ìta fẹ́ fọwọ́ ọlá gbá wa lójú, a máa ń sún mọ́ra. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ta ni yóò ṣàkóso wa nílé, kálukú a padà sí ìlú rẹ̀, sí ọ̀rọ̀ owó orí rẹ̀, sí ọba rẹ̀ àti ìjà tó ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tí mo máa fi ìdáhùn yìí ṣàlàyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1954, torí ọdún yẹn nìkan tó láti parí iyàn yín. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ti ń lọ sí ọdún kẹta ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé, ìjókòó 42 ló wà fún ẹkùn náà. Ẹgbẹ́ NCNC ti Azikiwe gba 23. Action Group, tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, gba 18. Wọ́n na Awólọ́wọ̀ nílé ara rẹ̀, lábẹ́ ìjọba ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín lè sọ pé Bìní, Asaba àti Warri ṣì wà nínú ẹkùn náà nígbà yẹn, àti pé NCNC lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni Ìbàdàn, Yorùbá ni Iléṣà, àwọn méjèèjì sì tẹ̀lé àkùkọ, àmì NCNC, lọ́dún náà.

Kí a tó dé ibẹ̀ pàápàá, Èkó ti kọ́kọ́ fi hàn pé ìṣọ̀kan yìí kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ wa. Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ lọ́dún 1923. Ọkùnrin tó bá ń rí 100 pọ́n-ùn wọlé lọ́dún nìkan ló lè dìbò nígbà náà, ìjókòó mẹ́ta péré ló sì wà fún Èkó. NNDP kó gbogbo rẹ̀ lọ́dún 1923, 1928 àti 1933, kí àwọn ọ̀dọ́ Nigerian Youth Movement tó gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1938. Nígbà tí Youth Movement náà fọ́ lọ́dún 1941, orí olùdíje méjì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀: Ernest Ikoli, ọmọ Ìjọ, àti Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú. Azikiwe tì lẹ́yìn ọmọ Ìjẹ̀bú. Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, tì lẹ́yìn ọmọ Ìjọ. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìtàn yìí, torí àwọn tó ń sọ pé ẹ̀yà ló ń pín ìbò ní Nàìjíríà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kì í mẹ́nu kàn án.

Ìgbà tó di ọdún 1951, tí ìdìbò sí ilé aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wáyé, gbogbo ìjókòó márùn-ún tó wà fún Èkó ni NCNC gbà. Azikiwe fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ìlú kan tó ń jẹ́ Ibadan People's Party ló gba ìjókòó mẹ́fà tó wà níbẹ̀. Ìdìbò náà kì í ṣe èyí tí aráàlú ń dì tààrà: àwọn ará abúlé yan aṣojú, aṣojú yan aṣojú mìíràn, ó di òkè. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ló wọlé tí kò sí àmì ẹgbẹ́ kan gbòógì lára wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì fi pariwo lọ́jọ́ kan náà pé àwọn ló wọlé. Nígbà tí ilé jókòó ní January 1952, àwọn kan dìde, wọ́n bọ́ sí ọ̀dọ̀ Afẹ́nifẹ́re, Awólọ́wọ̀ sì di olórí ìjọba. Nínú àwọn mẹ́fà láti Ìbàdàn, márùn-ún lọ bá Awólọ́wọ̀. Akínloyè wà lára wọn, wọ́n sì fi ṣe mínísítà. Ẹnì kan ṣoṣo dúró. Adégòkè Adélabù ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí agboolé yín kò fi dìbò fún ọ̀pẹ, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú ará Ìbàdàn, àwọn márùn-ún yẹn ta ìlú. Adélabù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọjà, sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí, sí ẹnu ọ̀nà àwọn baálé. Ó sọ Yorùbá tí aláàárù àti aláta lóye, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀: àwọn àjòjì, pàápàá àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn, fẹ́ ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ àti nínú kánsù, àwọn onílẹ̀ sì ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi ìwé àti òfin gba ìlú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ìjẹ̀bú sì ni olórí ìjọba. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn.

Owó orí ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa ń yangàn pẹ̀lú lónìí, ẹnì kan ní láti sanwó rẹ̀. Ìjọba Afẹ́nifẹ́re bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn ènìyàn lórí, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà fún ẹni kọ̀ọ̀kan, lórí owó orí tí wọ́n ti ń san tẹ́lẹ̀. Kò tíì sí ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Owó nìkan ni wọ́n rí tó ń jáde lápò. Àgbẹ̀ tó wà lóko Ìbàdàn kò mọ̀ bóyá ọmọ òun yóò débi tí wọ́n ń wí. Adélabù kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí jọ, ó dá Mábọ̀lájẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1954, ó sì so ó pọ̀ mọ́ NCNC. Lọ́dún náà, ó gba kánsù Ìbàdàn, ó di alága. Lẹ́yìn náà ló gba ìjókòó lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dìbò nígbà náà. Olùdíje kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwòrán àmì ẹgbẹ́ sì wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan: igi ọ̀pẹ fún Afẹ́nifẹ́re, àkùkọ fún NCNC. Ìwọ nìkan lo máa wọ ibẹ̀, wàá na ọwọ́ sí ibi tí àwòrán tí o mọ̀ wà, wàá ju bébà rẹ sínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé kà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka orúkọ fún un. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwòrán ló ń wọ ọkàn, àwòrán náà ló ń di ti ìdílé. Títí di òní, bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà tó dàgbà tó, wọn kì í sọ pé “a wà nínú Action Group”. “Ọlọ́pẹ ni wá” ni wọn yóò sọ.

Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀. Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì kò bá Afẹ́nifẹ́re rìn. Bọ́dé Thomas, ọ̀kan nínú àwọn igi lẹ́yìn ọgbà Awólọ́wọ̀, tó tún jẹ Balógun Ọ̀yọ́, kò sì fẹ́ gba ìyẹn fún ọba. Bọ́dé Thomas kú ní November 1953, lójijì, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sì sọ nípa ikú náà kò tíì tán nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjà ìgboro ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́pẹ àti àwọn alákùkọ lọ́dún 1954, ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba lé Aláàfin kúrò nílùú, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ó sì kú sí àjò. Ọmọ rẹ̀, Lámídì, ló padà wá jọba lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ìlú tí wọ́n ṣe irú èyí fún kì í gbàgbé láàárín ìdìbò méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn kan máa ń sọ pé ogun Kírìjì ló fa gbogbo rẹ̀: Ìbàdàn níhà kan, Ekìtìparapọ̀ àti Ìjẹ̀bú níhà kejì, kí àwọn ọmọ wọn tó gbé ìjà náà wọ àpótí ìbò. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀pá kútẹ̀lú Ekìtìparapọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ògèdèǹgbé tó jagun náà, Iléṣà sì lọ bá NCNC, ẹgbẹ́ kan náà tí Ìbàdàn wà. J. O. Fádáhùnsi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà, ó sì padà di gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ó bá jẹ́ ogun àtijọ́ ló ń dìbò, Iléṣà kì bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adélabù. Ìjà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, láàárín ìlú àti ìlú tó múlé gbè é, láàárín ìdílé ọba kan àti èkejì, ló lágbára jù. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti gba ọwọ́ àwọn ọ̀tá rẹ, ìwọ a wọ inú èkejì.

Báwo ni Afẹ́nifẹ́re ṣe wá borí? Ilé ìwé ṣí ní January 1955. Iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí 457,000 dé 811,000 láàárín ọdún kan. Ìyá tí kò mọ A mọ B rí ọmọ rẹ̀ tó gbé síléètì dání. Owó orí tí wọ́n ti bú ìjọba lé lórí wá ní ojú, ó ní orúkọ, ó ń sùn nílé wọn. Ní ìdìbò ẹkùn lọ́dún 1956, Afẹ́nifẹ́re gba 48 nínú 80, NCNC gba 32. Èmi kò mọ ìdìbò mìíràn nílẹ̀ wa tí iṣẹ́ tí ìjọba ṣe ti yí ọkàn ènìyàn padà kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ apá kejì náà, kí á má baà sọ ìtàn di oríkì. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà ló ní kóòtù ìbílẹ̀, òun ló ní akódá, òun ló ń pinnu iye owó orí tí oníṣòwò kan yóò san. Alátakò tó bá ń yọjú jù lè rí i pé owó orí òun ti di ìlọ́po méjì. Ìgbìmọ̀ Coker tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1962 rí i pé owó kòkó, láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, gba inú ilé-iṣẹ́ kan kọjá dé àpò ẹgbẹ́. Ilé ìwé wà níbẹ̀, òótọ́ ni, agbára ìjọba náà sì wà níbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ní ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1959, ìjókòó 33 péré ni Afẹ́nifẹ́re rí gbà nínú 62 ní ẹkùn rẹ̀. Adélabù ti kú nígbà náà, nínú ìjàǹbá mọ́tò ní March 1958, ikú tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Mábọ̀lájẹ́ sì ṣì ń gba ìbò ní Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, títí ilẹ̀ wa fi gba òmìnira, díẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ fi ju ìdajì lọ. Níbo wá ni gbogbo Yorùbá ti di tirẹ̀? Ọdún 1962 ni.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Akíntọ́lá, ẹni tó fi sípò olórí ìjọba nígbà tí òun lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Wọ́n pínyà ní ìpàdé Jos ní February. Akíntọ́lá ní àǹfààní ń fò Yorùbá dá nínú ìjọba àpapọ̀, ká dara pọ̀ mọ́ àwọn tó wà níbi oúnjẹ. Awólọ́wọ̀ ní rárá. Ní ọjọ́ 25 oṣù May, wọ́n fi àga lu ara wọn nínú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá sì yin tajútajú sí wọn. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, tí wọ́n fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Lọ́dún 1963, wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì gé Ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára ẹkùn wa, nígbà tí wọn kò gé ti Àríwá tàbí ti Ìlà-Oòrùn.

Lójú ẹni tó ń gbé ní Ekìtì tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, kódà lójú ọ̀pọ̀ ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀pẹ àti àkùkọ. Wọ́n ti fọwọ́ kan ilé. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìyẹ. Nígbà tí ẹgbẹ́ tuntun Akíntọ́lá, NNDP mìíràn tí kì í ṣe ti Macaulay, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀, tó ní àtẹ́lẹwọ́ fún àmì, kéde ara rẹ̀ pé òun ló wọlé nínú ìdìbò 11 October 1965, aráàlú mọ ohun tí àwọn ti dì. Wọ́n da epo bẹntiróòlù sílé, sí mọ́tò, sí ènìyàn lára. Wẹ́tìẹ̀ nìyẹn. Ó ń jó lọ títí àwọn ológun fi dé ní 15 January 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ibí yìí sọ́kàn. Awólọ́wọ̀ tó ń ṣe ìjọba kò rí gbogbo Yorùbá kó jọ. Awólọ́wọ̀ tí wọ́n tì mọ́lé ló kó wọn jọ.

Ọdún 1979 fi hàn. Wọ́n ká ìdènà kúrò lórí òṣèlú ní September 1978, ọjọ́ kejì ni Awólọ́wọ̀ kéde ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, UPN. Nínú ìdìbò ààrẹ, ó gba nǹkan bí 94 nínú 100 ní Oǹdó, 92 ní Ògùn, 86 ní Ọ̀yọ́, 82 ní Èkó. Jákàńdè, Ọ̀nàbánjọ, Bọ́lá Ìgè àti Ajáṣin wọlé ní gómìnà. Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti Ẹ̀sà-Òkè, ló ń ṣàkóso Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ìgbà yìí ni ọ̀rẹ́ yín ń rántí. Ìgbà yìí ni gbogbo ènìyàn ń rántí, torí ó mọ́ kedere, wọ́n sì mú un wọ inú àwọn ọdún tó ṣáájú bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti rí látayébáyé.

Síbẹ̀ ẹ wo àwọn tó wà lódìkejì. Ta ni alága NPN, ẹgbẹ́ Shagari, fún gbogbo Nàìjíríà? Akínloyè, ọmọ Ìbàdàn. Ta ni agbẹjọ́rò tó jà fún ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kẹtàlá, èyí tó gbé Shagari dépò lórí Awólọ́wọ̀? Richard Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn. Èrò Akíntọ́lá kò kú pẹ̀lú rẹ̀: ká wà níbi tí ìjọba wà. Ó ti wà nílẹ̀ wa láti 1962, ó sì ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà. Mi ò gbà pé ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́. Ìlú tó bá rí i pé òun kì í rí nǹkan gbà nínú ilé ńlá yóò máa wá ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Lọ́dún 1983, NPN gbìyànjú láti fi agbára gba ilé. Wọ́n kéde pé Ọmọ́bọ̀ríowó, igbákejì Ajáṣin tó ti yà sọ́dọ̀ wọn, ló wọlé ní Oǹdó. Àkúrẹ́ jó. Kóòtù dá ipò padà fún Ajáṣin. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n kéde Olúnlóyọ̀ lórí Bọ́lá Ìgè, oṣù mẹ́ta ló lò kí ológun tó dé. Ọ̀rọ̀ ti Ọ̀yọ́ kò rọrùn bíi ti Oǹdó, torí pẹ̀lú gbogbo màgòmágó tó wà níbẹ̀, ìbínú gidi wà sí Ìgè nínú ìgboro Ìbàdàn, ọmọ wọn sì ni Olúnlóyọ̀.

Abíọ́lá ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù. Òun kì í ṣe ọmọ Awólọ́wọ̀ rárá. NPN ló wà, ìwé ìròyìn Concord tó dá sílẹ̀ sì ń na Awólọ́wọ̀ lẹ́gba ọ̀rọ̀. Nígbà tó di 12 June 1993, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá fún un ní ju 80 lọ nínú 100. Kano, ilé Tofa tó bá a du ipò, pàápàá fún un ní ju ìdajì lọ, nítorí náà ìbò gbogbo Nàìjíríà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí wọ́n fagi lé e ni ó di ti wa pátápátá. Àwọn ọlọ́pẹ àtijọ́, àwọn ọmọ Mábọ̀lájẹ́, àwọn tí Concord ti bú, gbogbo wọn dúró lẹ́yìn ọkùnrin kan náà. Ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ìgbà náà, ní December 1991, Èkó kan náà yan Ọ̀tẹ́dọlá ti ẹgbẹ́ NRC ní gómìnà, torí pé àwọn ọmọ SDP, ẹgbẹ́ tí Abíọ́lá padà fi du ipò ààrẹ, ń bá ara wọn jà. Ilé ni ìyẹn, ìta ni ti Abíọ́lá.

Ọdún 1999 tún jọ ọ́. Yorùbá méjì ló du ipò ààrẹ. Ọbásanjọ́ ni àwọn ará Àríwá fẹ́, Fálaè sì ni Afẹ́nifẹ́re, ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀, mú wá. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dìbò fún Fálaè, Ògùn tó jẹ́ ilé Ọbásanjọ́ pẹ̀lú. AD, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Afẹ́nifẹ́re, kó gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Èkó nìkan ló kù. Àwọn kan ní èrú ni, èrú sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n AD ti tú ká nínú, wọ́n ti pa Bọ́lá Ìgè nínú yàrá rẹ̀ ní December 2001, wọn kò fa olùdíje ààrẹ kalẹ̀ nítorí Ọbásanjọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti ń bá gómìnà wọn jà lórí owó oṣù àti ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí ọmọ rẹ̀ dìbò fún ẹlòmíràn fún ipò ààrẹ kò lè retí kí ó padà sílé fún ipò gómìnà.

Láti ìgbà náà, ìlà náà ti wọ́. Lọ́dún 2011, ACN onígbálẹ̀ gba Ọ̀yọ́ àti Ògùn ní gómìnà, ó sì di Èkó mú, ṣùgbọ́n nínú ìdìbò ààrẹ ọdún náà, Ọ̀ṣun nìkan ló fún Ribadu, olùdíje ACN. Àwọn márùn-ún yòókù fún Jonathan. Ní June 2014, Fáyóṣè ti PDP na Fáyẹmí tó wà lórí àlééfà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Ekìtì. Lọ́dún 2019, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó dìbò fún Atiku.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìbàdàn, torí ẹ̀sùn tó wà lórí ìlú yín kò tọ́. Ìbàdàn kò kórìíra ìṣọ̀kan: ó wà níbẹ̀ lọ́dún 1979, ó wà níbẹ̀ lọ́dún 1993 àti 1999. Ohun tí Ìbàdàn kì í gbà ni kí ẹnikẹ́ni sọ ara rẹ̀ di baálé lórí rẹ̀. Bọ́lá Ìgè kò rí sáà kejì, Lam Adéṣínà tó jẹ́ ọmọ ìlú fúnra rẹ̀ kò rí i, Ládọjà kò rí i, Àkàlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò rí i. Ìgbà tí Ajímọ̀bi rí i lọ́dún 2015, orúkọ tí wọ́n fún un ni Kòṣeléèrí, wọ́n sì kọ̀ fún un nígbà tó fẹ́ lọ sílé aṣòfin àgbà lọ́dún 2019. Àwọn òǹdìbò tó ń ṣe báyìí ti ń lé ẹgbẹ́ kúrò nílé ìjọba láti ayé Adélabù, kí ìpínlẹ̀ mìíràn tó kọ́ ọ. Èmi kà á sí ohun iyì. Ní February 2023, Ọ̀yọ́ fún Tinúbú ní ìbò ju ìlọ́po méjì ti Atiku lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn kan náà dá Mákindé ti PDP padà sípò. Ọ̀kan fún ìta, ọ̀kan fún ilé.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jókòó tì ni Èkó tí ẹ̀yin méjèèjì ń gbé. Láti 1999, ìran ẹgbẹ́ kan náà ló ń ṣàkóso rẹ̀, AD, AC, ACN, APC, ẹgbẹ́ tó ń pààrọ̀ orúkọ láìpààrọ̀ ilé. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, Obi ti Labour gba 582,454 níbẹ̀, Tinúbú gba 572,606. Ní Ọ̀ṣun, Atiku ló borí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ló ń du ipò ààrẹ, ìpínlẹ̀ mẹ́rin nínú mẹ́fà ló sì rí gbà. Àwọn kan sọ pé àjòjì ló gba Èkó. Àwọn àjòjì dìbò, ẹ̀tọ́ wọn ni, àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tí kò rántí ọ̀pẹ tàbí àtẹ́lẹwọ́ sì wà lára àwọn tó dìbò fún Obi. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn òǹdìbò Èkó lé ní mílíọ̀nù méje, gbogbo ìbò tí wọ́n kà kò sì tó mílíọ̀nù kan àbọ̀. Àwọn tó jókòó sílé lọ́jọ́ náà ju àwọn tó dìbò fún ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, APC, Labour àti PDP, lápapọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹgbẹ́ tó bá rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ilé ìwé ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bú owó orí lọ́dún 1955, ni yóò kọ orí tó kàn nínú ìtàn yìí.